Ọjọ́ tí Gbogbo Wa Dìde Lé Àjàní Lọ

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso Kánò, tí àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìyanṣẹ́lódì tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù wá pa, ìpàdé kan wáyé ní Sábóńgàrí tó ń rí mi lára títí dòní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ Àjàní bíi pé gbogbo wa la gbé e gẹ̀gẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Òǹkọ̀wé ni Àjàní, kì í sì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Kì í yarun. Òun àti obìnrin tó ń bá a gbé, kò sí àlùfáà tàbí pásítọ̀ tó so wọ́n pọ̀. Nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó ń kọ tà lọ́jà, ó bú ajẹ́lẹ̀, ó bú lèmọ́mù, ó bú alága ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó bú èmi náà rí, ó ní bí ọ̀gá mi bá sín, èmi ni mò ń nu imú. Ṣùgbọ́n nígbà ìyanṣẹ́lódì, òun nìkan ló kọ ọ́ jáde pé àwọn àgbà wa ló ń kó orúkọ àwa tó yanṣẹ́ lódì lọ fún òyìnbó kó lè lé wa níṣẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ajẹ́lẹ̀ fárígá. Ó ní bí ẹgbẹ́ wa bá ṣe onídùúró fún Àjàní, kó máa gbé Kánò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wọkọ̀ padà sílé. La bá pèpàdé.

Alága ní, "Ẹni tó bá ní kí Àjàní máa lọ, kó dìde."

Kò sẹ́ni tó mira. Alága wá tẹ̀ sétí Bàbá Mọ́gàjí, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, tí etí rẹ̀ ti di, ó sọ nǹkan sí i. Bàbá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí Bàbá bá dìde, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó. Gbogbo ilé dìde gìrìgìrì.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀," alága wí. "Gbogbo ilé ló dìde."

Ìyá Rábì tó ń ta máásà pariwo, "Haba! Bàbá la dìde fún!"

Alága ní, "Ṣé ẹ fẹ́ jókòó kí Bàbá wà lórí ìdúró ni?"

Ni Bàbá bá béèrè, "Àdúrà ìparí tí ẹ ní a fẹ́ gbà dà? Ẹ gbà á ká máa lọ."

Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ṣíọ̀! Alága gba àdúrà náà, èmi náà sì ṣe àmín.

Mo tẹ̀lé Àjàní dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, o dìde?"

"Bàbá ló dìde, Àjàní."

"Mi ò bi ọ́ léèrè Bàbá."

"Mo dìde."

Ó gbé àpótí rẹ̀ wọnú ọkọ̀.

Òyìnbó kò lè lé wa níṣẹ́, nítorí Àjàní ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ìlú sì ti mọ ibi tí orúkọ wa ti wá. Àwa ń ṣiṣẹ́ wa lọ, òun kú sílẹ̀ ibòmíràn láìfojú kan Kánò mọ́. Lónìí, àwọn ọmọ alága ti gbé àwòrán Àjàní kọ́ sára ògiri ilé ìpàdé, wọ́n ń pè é ní akọni wa. Ojú ò tì wọ́n! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún akọ̀wé tuntun pé kó tún àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà kọ, kó kọ ọ́ pé a tan Bàbá jẹ ni, pé a mọ̀, a sì dákẹ́.

Ó ní, "Baba, don Allah, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó máa ba orúkọ àwọn àgbà jẹ́."

Mo ní, "Orúkọ tèmi ni kó o fi bẹ̀rẹ̀."