Wọ́n Ń Bọ̀ Wá Wo Ọmọ Wa

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Ẹ̀pẹ́, ilé tó kọjú sí ọ̀sà. Apẹja ni bàbá mi. Bí àsìkò ìrun bá ká a mọ́ ojú omi, á gbé àjẹ̀ sílẹ̀, á fi omi ọ̀sà ṣe àlùwàlá, á kírun lórí ìjókòó nínú ọkọ̀, kó tó tún máa wà á lọ. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé òun ò ráyè. Nígbà tí mo wá fẹ́ onígbàgbọ́, tí mo tẹ̀ lé e lọ sí Ìkòròdú, tí mo sì ṣe ìrìbọmi, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílé ọkọ ni ẹnu tí ọkọ mi fi ń bá Ọlọ́run ṣe àwáwí.

Mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtamàgà tó ti ń ta wáyà àti gílóòbù iná, kì í mutí, kì í na ọmọ, ó sì mọ Bíbélì débi pé ìjọ fi í ṣe oníwàásù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe pásítọ̀. Àwọn pásítọ̀ ò tó nígbà yẹn, àwọn ìjọ kéékèèké sì pọ̀, ni wọ́n bá pín àwọn oníwàásù káàkiri. Abúlé kan lódìkejì ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́, ló bọ́ sí ọkọ mi lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á wọkọ̀ ní Gáráàjì Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, á wá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá, torí kò sí títì tó dé ibẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní abúlé náà. Ìwọ̀nba obìnrin mélòó kan tó ń yan ẹja ni onígbàgbọ́ ibẹ̀, àti Ìyá Ìjọ wọn, arúgbó kan tó máa ń pè mí ní "ọmọ wa" torí pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá jẹ́ ti ọkọ mi, tí kò bá lọ, wọn ò ní gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ó kọ́kọ́ ń lọ. Tó bá dé, á kọ oúnjẹ, á lọ dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ìwàásù ló ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, àwáwí bẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, òótọ́ ni: mọ́tò tó wọ̀ kú sójú ọ̀nà Itóìkín. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òjò ni. Lẹ́yìn òjò, orúnkún. Ìyá rẹ̀ àgbà tó ti kú kí n tó wọ ilé wọn tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì jókòó tì í bó ṣe ń fi ohùn wẹ́lẹ́ gba "ẹ kú ará fẹ́ra kù" lórí fóònù. Fóònù alágbèéká ò tíì pẹ́ tó dé ìlú nígbà yẹn, mo sì gbà pé òun ló ba ọkọ mi jẹ́. Láyé ìgbà tí kò sí fóònù, ẹni tó bá fẹ́ ṣàwáwí á wá ẹni tó máa rán, ojú á sì ti í níwájú ẹni tó fẹ́ rán. Fóònù ò lójú. Ìyá Ìjọ ra tiwọn nítorí ọjà ẹja, wọ́n sì máa ń rìn wá sí etí omi kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè mú un, kìkì kí wọ́n lè gbọ́ pé oníwàásù ò ní wá.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti ń wá fóònù lálẹ́ Sátidé, màá ní, "Dádì, orúnkún apá ibo ló ń dùn yín lónìí?" Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nínú. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, Ọlọ́run á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, oṣù August ni, a wà ní pálọ̀ nílé wa ní Lásunwọ̀n. Ọmọ wa obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí a bí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, jókòó tì í lórí àga, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọkọ mi tẹ nọ́ńbà. Mo rò pé àwáwí ti tán lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ó ń wo àjà, ó ń wo ògiri, kí ojú rẹ̀ tó wá bọ́ sára ọmọ.

"Ìyá, ẹ má bínú," ó wí. "Ọmọ wa ni. Ara ẹ̀ ò yá rárá. Wọ́n ti dá wa dúró sí ọsibítù báyìí."

Ọmọ náà dáwọ́ ẹ̀pà jíjẹ dúró. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo dìde.

"Ẹ pè wọ́n padà. Ẹ ní ẹ ṣì í sọ ni."

"Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń pa ọmọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ tún ń dárúkọ ikú yẹn. Ọmọ kan ni mo ní o."

"Má máa sọ irú ẹ̀ níwájú ọmọ."

"Èmi àbí ẹ̀yin?"

Kò pè wọ́n padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, nítorí ẹni tó wà ní ọsibítù kì í kọrin nílé Ọlọ́run ní Ìkòròdú. Ọkọ mi ti wíńdò, ó tilẹ̀kùn, ó ní kí n má gbé rédíò sókè. A jókòó sínú ooru bí àwọn olè, à ń gbọ́ orin ìsìn láti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ò bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ jáde lọ ṣeré. Orí ẹní ló sùn sí. Mo bu ìrẹsì fún un, kò jẹ ẹ́.

"Mọ́mì, ìgbà wo la máa lọ sí ọsibítù?" ó bi mí.

"Ọsibítù kẹ̀? Kò sóhun tó ṣe ẹ́."

"Dádì sọ fún Ìyá pé ara mi ò yá. Ṣé Dádì máa ń parọ́ ni?"

Mo wo bàbá rẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ara ọmọ ti gbóná. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ní kẹ́mísì ládùúgbò, ó ní ibà ni, ó fún wa lóògùn, ó ní kí n máa fi aṣọ tútù nu ún. Ta ni ibà kì í ṣe ní Ìkòròdú, pẹ̀lú ẹ̀fọn tó wà nínú gọ́tà wa? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo bí nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tí mò ń gbọ́ ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí i lọ́run. Ọkọ mi béèrè fún àìsàn, wọ́n sì fún un. Mo gbàdúrà lórúkọ Jésù títí ohùn mi fi há. Nígbà tí ibà náà ò rọlẹ̀, àwọn àdúrà tí bàbá mi máa ń ṣe sí wa lórí nígbà tí a wà lọ́mọdé jáde lẹ́nu mi láìròtẹ́lẹ̀, mo ṣe ìyẹn náà mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí ò lè máa ṣa àdúrà ṣà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi padà dé lórí ọ̀kadà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n. Atẹ́gùn ti ń fẹ́ páànù òrùlé, ojú ọ̀run ti dúdú. Kì í ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Mo rí ojú rẹ̀, mo rò pé ẹnì kan ló kú.

"Wọ́n ń bọ̀," ó wí.

"Àwọn wo?"

"Ìyá Ìjọ àti àwọn obìnrin yẹn. Ìyá pè mí pé àwọn ti wà létí omi, àwọn ń bọ̀ wá wo ọmọ. Mo ní kí wọ́n má wá, fóònù ti gé. Láti ìgbà yẹn mi ò rí wọn pè."

Mo jókòó sílẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé ọmọ ẹnì kan wà ní ọsibítù, wọn ò bi ọ́ bóyá wàá lọ. O máa lọ ni. Ọkọ mi náà mọ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ìkòròdú. Àṣìṣe tó ṣe ni pé ó rò pé omi á dá wọn dúró.

Èmi tí mo dàgbà sétí ọ̀sà, mo mọ irú atẹ́gùn tó ń fẹ́ yẹn. Bó bá ti ń fẹ́ báyẹn, bàbá mi máa ń wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gòkè ni, kò sì sí ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́ kó tún gbé e sómi. Ẹ̀rù ọmọ ò tíì kúrò lára mi, ẹ̀rù àwọn obìnrin yìí tún gun orí rẹ̀. Ọkọ mi ń tẹ fóònù, ó ń gbé e sétí, ó ń gbé e kúrò. Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga láti gbàdúrà, ó ní "Olúwa," kò lè lọ síwájú, ó dìde.

"Ṣé ọkọ̀ yẹn máa ń dà?" ó bi mí.

Inú ń bí mi. Mi ò rọra dá a lóhùn.

"Ó máa ń dà."

Ó di ẹnu ọ̀nà mú. Mo ní, "Tí ó bá dà, kí lẹ máa sọ fún àwọn ọmọ wọn? Orúnkún?" Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, mo sì fẹ́ kó le. Ó jáde sínú òjò láìmú agboòrùn, ó dé ojú títì, ó padà, ó tún jáde. Inú yàrá, ọmọ pè mí pé òun fẹ́ mu omi. Nígbà tí mo gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tutù, òógùn ti bò ó, ibà ti ń lọ. Ohun tí mo ti ń fi ẹkún tọrọ nìyẹn, mi ò sì lè yọ̀ sí i. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé, bí kì í bá ṣe ọmọ yìí ni Ọlọ́run máa mú, ṣé àwọn obìnrin tó wà lójú omi ni?

Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn. Obìnrin mẹ́ta ni, méjì di Ìyá Ìjọ mú lápá. Wọ́n tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá Ìjọ ò ní bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní omi wọ ọkọ̀ láàárín ọ̀sà, pé abọ́ tí àwọn kó ẹja tí àwọn ń mú bọ̀ fún ọmọ sí làwọn fi ń gbọ́n ọn, ẹja tó pọ̀ jù sì bá omi lọ. Ó na èyí tó kù sí mi nínú náílọ́ọ̀nù.

"A kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba," Ìyá Ìjọ wí. "Wọ́n wá yín títí, wọ́n ní ẹ ò sí níbẹ̀. A ní bóyá wọ́n ti dá yín sílẹ̀. Ọmọ dà?"

Ìyá Ìjọ ò dúró gba aṣọ gbígbẹ tí mo nà sí wọn. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, wọ́n sì mí kanlẹ̀. "Ó ti tutù," wọ́n wí. "A dúpẹ́, Olúwa. Ẹ ò já wa kulẹ̀." Àwọn méjì yòókù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, omi ń kán láti ara aṣọ wọn, wọ́n ń dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ìyá Ìjọ wá yíjú sí ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Oníwàásù wa, ẹ bá wa fi àdúrà ọpẹ́ gbé e sókè."

Mo ń wò ó. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti ibà lọ, torí mo mọ̀ pé ó lè gbà á. Ó mọ̀ ọ́n gbà. Tó bá gba àdúrà yẹn, mi ò mọ ohun tí màá tún máa pe ọkùnrin tí mo fẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo pè yín, kò sóhun tó ń ṣe ọmọ yìí. Orúnkún, irọ́ ni. Ìyá mi àgbà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú. Omi ni. Ẹ̀rù omi yẹn ń bà mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ọkọ̀ yẹn, mo máa ń rò pé mi ò ní délé mọ́."

Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí omi jẹ́ títì fún, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹ̀rù omi lè máa bà á. Àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀ gbójú sókè. Ìyá Ìjọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi kúrò létí ìró wọn.

"Ẹ̀rù omi yẹn ń ba àwa náà," wọ́n wí.