Àwọ̀ Ẹ̀pà Lẹ́nu Púlọ́ọ̀gì

Ṣíọ̀! Wọ́n tún ti kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé gbogbo ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń gun alùpùpù àtijọ́ kọjá níwájú ilé mi lọ sí ọ̀nà Ọjà Igbó, tí ọkọ̀ wọn á máa dún bí ìbọn kiri Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni pé ogun dé. Alùpùpù tí bàbá bàbá wọn gùn lọ sóko ni wọ́n hú jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kùn ún lọ́dà pupa, wọ́n gé sàláńsà tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde kúrú, wọ́n yọ àpótí tó ń bá a sẹ́ atẹ́gùn dànù, wọ́n wá gbé gíláàsì dúdú sójú kí wọ́n lè ya fọ́tò. Wọ́n rò pé ariwo ni agbára. Èmi tí n kò gun alùpùpù rí láyé mi, láti orí àga tí mo jókòó sí lọ́ọ̀dẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ pé ebi ń pa ẹ́ńjìnì wọn kú lọ.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí àwọn wọ̀nyẹn ò lè là á. Nínú kabúrétọ̀, níbi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, irin pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Ihò yẹn ló ń wọn epo. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti wọn ihò yẹn mọ atẹ́gùn tó ń wọlé àti èéfín tó ń jáde. Tí o bá wá la ọ̀nà méjèèjì gbàgede, atẹ́gùn á pọ̀ rẹpẹtẹ, epo á sì wà bó ṣe wà. Àfi kí o yọ jẹ́ẹ̀tì yẹn, kí o fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi jù ú lọ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìwé kẹfà mọ̀ ọ́n, torí ìwé kẹfà ni mo wà nígbà tí mo mọ̀ ọ́n.

Màmá mi ló kọ́ mi. Agbẹ̀bí ni, ilé ìwòsàn kan nígboro ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ní gbogbo Ọjọ́rú ó máa ń gun alùpùpù rẹ̀ aláwọ̀ búlúù lọ sí àwọn abúlé Iresa láti yẹ àwọn aboyún wò. Á wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á so ìborùn mọ́ àgbọ̀n, á fi rọ́bà de báàgì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo gbọ́ pé tí àwọn aboyún bá ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, wọ́n á ti máa gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò. Níléèwé tèmi, ìró kan náà yẹn ni àwọn ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ẹnu pa tí mo bá ń kọjá. "Ọmọ Ìyá Pùtùpùtù" ni wọ́n ń pè mí.

Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́, ìparí oṣù ló ń wálé, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì ti sọ labẹ gé. Bàbá Ńlá là ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. N kò rí i kó ṣe iṣẹ́ kan rí ju kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa ṣọ́ ẹni tí kò kí i.

"Ìyàwó," á wí fún Màmá, "ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi ilé yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ọjọ́ tí irin yìí bá kú, kò sí òmíràn mọ́ o."

"Ẹ ṣé, sà. Kò tíì kú."

Ní ọdún tí mo wà ní ìwé kẹfà ni ìpẹtà jẹ sàláńsà ọkọ̀ náà tán, tí Màmá gbé e tọ Mufu lọ. Mẹkáníìkì ni Mufu ń pe ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ju àpótí atẹ́gùn sínú igbó, ó so páìpù kúkúrú gbàràmù kan mọ́ ọn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ó kàn máa fò ni." Ohun tó fò ni ọkàn gbogbo àdúgbò. Ọkọ̀ náà ń wúkọ́, ó ń gbóná bí ààrò, ó ń yìnbọn nísàlẹ̀ òkè. Orúkọ mi níléèwé yí padà di "Ọmọ Ìyá Ìbọn." Nígbà tí Màmá gbé e padà, abẹ́rẹ́ ni Mufu mú, ó fẹ́ fi gbẹ́ ihò jẹ́ẹ̀tì tóbi sí i. Màmá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ihò tí o kò wọ̀n, báwo lo ṣe máa mọ ibi tó dé?"

Ó lọ sí Ọjà Igbó fúnra rẹ̀, ó ra jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí nọ́ńbà ihò wọn tẹ̀ léra láti kékeré dé ńlá, ó fi òwú wé wọn sínú àwo tó ń kó abẹ́rẹ́ sí. Bó ṣe ń ṣe é rèé: á fi ọ̀kan sí i, á sá a gun òkè ẹ̀yìn ilé wa tagbáratagbára, á pa ẹ́ńjìnì lórí òkè, á jẹ́ kó yí wálẹ̀, á wá tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, á wo ẹnu rẹ̀. Tó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá funfun bí eérú, ebi ń pa á, ẹ́ńjìnì lè gbóná kú. Tó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà tí a yan, "Ó ti yó," ni Màmá máa wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dán èyí àkọ́kọ́ wò. Eérú ni. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó dán ìkejì wò, àmọ́ ó ti gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn mọ́. Àwọn ará Iresa ń retí rẹ̀. Ó fi àkísà mú púlọ́ọ̀gì náà, ó nà án sí èmi tí mo ti wọ aṣọ iléèwé.

"Ojú mi ò ká a. Kí lo rí?"

Eérú ni mo rí, ó funfun báláú. Mo rántí àwọn ọmọbìnrin yẹn àti ẹnu wọn. Mo rántí ohun tí Bàbá Ńlá sọ, pé tó bá kú, kò sí òmíràn mọ́.

"Ó ti dà bí ẹ̀pà, Màmá."

Ó gba púlọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ mi. "Èmi ti rò pé ìkẹta la máa nílò ni. Ó dáa, o ṣeun." Ó dì í padà, ó sì lọ.

N kò mọ̀ pé tí ẹ́ńjìnì bá gan lórí eré, tí kò lè yí mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ á dúró gbagidi, á sì sọ ẹni tó gùn ún nù. Kó tó dé Iresa ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu ló gbé e padà wálé, apá ọ̀tún rẹ̀ kán sí méjì. Bàbá Ńlá ò tíì bi í léèrè apá tó ti ní kí wọ́n wọ́ irin náà kúrò nílé. Gbogbo àdúgbò ṣépè fún Mufu, èmi ni mo ṣé tèmi sókè jù. Oníbàárà rẹ̀ tán pátápátá, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi yínmú sí Mufu bọ̀ láti òkè ìtàn yìí, ẹ lè dá ẹnu dúró níbí.

Nǹkan ti yí padà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń lọ sí Iresa láàárọ̀ lálẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń gun ohun tó bá wù wọ́n, kò sí ẹni tó ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Alùpùpù tuntun mìíràn ò tiẹ̀ ní jẹ́ẹ̀tì mọ́. Àmọ́ púlọ́ọ̀gì kì í purọ́ títí di òní. Àwa tí à ń wò ó la ṣì ń sọ èyí tó bá wù wá.

Apá Màmá ò nà tán mọ́, kò sì gun alùpùpù mọ́. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀tì yẹn bá ṣẹ́yọ, á mi orí. "Mi ò mọ̀ ọ́n tó bí mo ṣe rò," á wí, èmi á sì máa bu tíì fún un. Àìmọye ìgbà ló sọ ọ́ sí mi létí. Ó mọ̀ ọ́n o. Ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, mo sì jẹ́ kó kú láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.