Ìkòkò Ẹ̀wà tí Mo Gbé Lọ Bá Àwọn Sọ́jà

Ọjọ́ Ajé ni ayé yí padà lójú wa ní Agbowó. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ́nu ọ̀nà, mò ń rán aṣọ ilé ìwé, nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé àwọn bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà kò kọjá sí ọ̀nà Mọ́kọ́lá mọ́. Wọ́n ń dé ìkóríta wa, wọ́n ń ṣẹ́rí padà, àwọn èrò sì ń sọ̀ kalẹ̀ láìbèèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni òórùn táyà tó ń jó dé. Mo pe Sùràjù, àkọ́bí mi, wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Gíga yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò pè é ní géńdé.

Ọdún tí ìjọba ológun fagi lé ìbò ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò rí i máa ń sọ pé kì í ṣe ogun. Bóyá kì í ṣe ogun lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà dúró sí ìkóríta wa pẹ̀lú ìbọn, ìró rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi pákó gbá pákó, léraléra, títí ọmọ ọwọ́ mi kò fi ta gìrì sí i mọ́. Wọ́n ti ọjà Bódìjà pa. Ọkọ mi há sí Ìlọrin. Kò sí epo kẹrosíìnì, igi la fi ń dáná lẹ́yìnkùlé.

Rẹ̀mí, ọmọ Ìyá Rẹ̀mí tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi, ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó dí ọ̀nà àdúgbò wa. Òun ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oúnjẹ fún sọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ebi ni yóò lé wọn lọ. Gbogbo àwa obìnrin ilé náà fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. A kò ní ìbọn. Ìkòkò nìkan la ní.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Oṣù Ràmàdáánì ti kọjá, ṣùgbọ́n mo ń san àwọn ọjọ́ tí n kò lè gbà nítorí pé mo ń fún ọmọ lọ́mú. Mo se ẹ̀wà tó kù nílé, kí àwọn ọmọ lè jẹ ní ọ̀sán, kí èmi náà sì fi ìyókù ṣínu. Sùràjù bá mi sọ ìkòkò náà kúrò lórí iná. Dúdú ìdí ìkòkò kùn ún lọ́wọ́. Ó gbé korobá, ó ní òun ń lọ fọwọ́ ní kànga ilé kejì, òun á sì pọn omi bọ̀.

Kò dé kànga. Ìyá Rẹ̀mí ló sáré wọlé.

“Ìyá Sùràjù, àwọn sọ́jà ti mú un. Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúdú ló ń jó táyà.”

Mo gbé ọmọ ọwọ́ fún un. Mo ṣẹ́ òṣùká, mo gbé ìkòkò náà rù. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí ìkòkò ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, kí wọ́n lè rí ohun tó kun ọmọ mi lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ rántí pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ da ẹ̀wà inú rẹ̀ sínú abọ́.

Rẹ̀mí dá mi dúró níbi tí wọ́n dí. Ó ṣí ọmọrí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Sùràjù, ẹ̀yin náà fẹ́ bọ́ sọ́jà? Ẹ jẹ́ kí á bá yín jẹ ẹ́, ẹrù yín á fúyẹ́.”

Mo ní Sùràjù wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wò mí.

“Ẹ máa lọ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ẹnu kan oúnjẹ yẹn, ẹ má wojú wa mọ́.”

Ọkọ̀ àwọn sọ́jà ti ń kùn láti lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n mú wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, lórí eékún, Sùràjù sì wà láàárín wọn. Sájẹ́ńtì wọn kò gbọ́ Yorùbá, sọ́jà kékeré kan ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo fi ọwọ́ ra ìdí rẹ̀, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbóòórùn ọwọ́ ọmọ náà, nítorí pé dúdú táyà kì í rùn bíi ti igi. Sájẹ́ńtì náà gbóòórùn ọwọ́ mi, ó fa ọwọ́ Sùràjù, ó gbóòórùn tirẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Ìgbà náà ni ó wo inú ìkòkò. Ó béèrè ta ló rán mi. Ó ní àwọn ará àdúgbò ti kéde pé àwọn kò ní fún sọ́jà lóúnjẹ, kí ló wá dé tí mo fi gbé ẹ̀wà gbígbóná wá? Ó ní májèlé ni. Kí n jẹ níbẹ̀ lójú òun.

Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ààwẹ̀ ti tán nílẹ̀ tipẹ́. Ó gbé ìbọn kúrò ní èjìká. Sọ́jà kékeré náà kò wojú mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, “ẹ jẹ ẹ́.”

Mo ní bísímílà. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀wà náà, ó jó mi, mo gbé e mì nínú oòrùn ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ń wò. Ó ní kí Sùràjù náà jẹ. Ọmọ náà fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ bù ú jẹ. Wọ́n ń wò wá bóyá a ó ṣubú. Nígbà tí a kò ṣubú, wọ́n tú Sùràjù sílẹ̀, wọ́n sì jókòó ti ìkòkò náà, wọ́n ń jẹ.

Rẹ̀mí rí wa bí a ṣe ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

“Alásè ìjọba,” ni ó wí, ó sì yẹ̀ kúrò lọ́nà kí a lè kọjá. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ mi fún mi, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó yá iyọ̀ lọ́wọ́ mi nílé náà. Áfáà tí mo bi sọ pé n kò dẹ́ṣẹ̀, kí n ṣáà gba ọjọ́ mìíràn dípò. Mo gbà á. Ti àdúgbò ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń san án.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn sọ́jà já wọ àdúgbò, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Wọ́n kó Rẹ̀mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú korobá ẹlòmíràn.

Ìyá Rẹ̀mí kan ilẹ̀kùn mi ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ó di abọ́ kan sínú aṣọ.

“Ìyá Sùràjù, ẹ dákun, ẹ sìn mí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀.”

Mo wé gèlè, mo tẹ̀lé e. Nígbà tí a dé ìkóríta, kò sí ọkọ̀, kò sí sọ́jà. Ipa táyà ọkọ̀ wọn nìkan ló wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tí a lè bi léèrè. Ó di abọ́ náà mú.

“Kí lẹ sè fún wọn lọ́jọ́sí?”

Mo ní ẹ̀wà ni.

“Ìrẹsì lèmi sè,” ni ó wí. “Mo fi ẹran sí i.”

A dúró síbẹ̀ títí ooru fi kúrò lára abọ́ náà.

Rẹ̀mí kò padà wálé. Sùràjù ti di bàbá ọlọ́mọ, Baṣọ̀run ló ń gbé. Tí ó bá wá kí mi, yàrá Ìyá Rẹ̀mí ló kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Ìyá náà á bu ìrẹsì fún un, á jókòó tì í, á máa wo ẹnu rẹ̀. Kódà tí Sùràjù bá ti yó wá láti ilé rẹ̀, ó máa ń jẹ ẹ́ tán.