Iṣẹ́ Hameedat Nínú Agbada Dòdò

Ọdún kẹta rèé tí Hameedat ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ìwádìí kan ní Ìbàdàn, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń dín dòdò tà ní Ìkirè kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Èmi ò dá ìyá lẹ́bi. Èdè ìwé ni Hameedat fi ń ṣàlàyé. Kòkòrò àìfojúrí kan ń pa màlúù, oògùn kò sì ran kòkòrò náà mọ́. Hameedat á pa àbùdá kan, ìyẹn jíìnì, lẹ́nu mọ́ lára kòkòrò náà kó má lè ṣiṣẹ́, á wá fi oògùn sí i. Bí kòkòrò bá kú, àbùdá yẹn ló ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ oògùn. Bí kò bá kú, á tún dán òmíràn wò.

Ní Sátidé tó kọjá, dòdò ìyá ń korò. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà ní Àpòmù ni. Ìyá pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti gún sí mẹ́ta: ó dín ọ̀kan láìfi ata sí i, ó dín ìkejì láìfi iyọ̀ sí i, ó dín ìkẹta nínú epo tuntun. Èyí tí kò ní ata nìkan ni kò korò. Ó da ata náà nù.

Hameedat, tó wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ náà tó sì ń wò ó, rẹ́rìn-ín. “Màámi, ohun tí ẹ ṣe yẹn gan-an niṣẹ́ mi.”

Ìyá sọ agbada kalẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. “Ọdún mẹ́ta,” ó ní, “o ò sì wá bi mí.”