Kàsúmù Ríwáyà àti Wáyà Dúdú

Ríwáyà ni Kàsúmù. Iná mọ́tò ló ń tún ṣe. Ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà nítòsí Toll Gate ní Ṣàngó, ibi tí èmi ti ń lẹ táyà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti jọ ń jókòó síbẹ̀. Èmi ò kàwé púpọ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọwọ́ rẹ̀ dára. Bọ́ọ̀sì tí iná rẹ̀ bá ti sú àwọn ríwáyà yòókù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi.

"Bàbá onítáyà, táyà yín ń jò, ẹ̀yin ń lẹ̀ ẹ́, ó tún ń jò. Iná kì í kú lọ́wọ́ tèmi o."

"Ẹnu rẹ ni kò kú," mo máa ń dá a lóhùn.

Ohun kan wà tí gbogbo ríwáyà ń ṣe. Iná tó bá jáde lára bátìrì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Nínú mọ́tò, ara irin ọkọ̀ ló ń gbé e padà. Ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ríwáyà á ha ọ̀dà kúrò lára irin, á fi nọ́ọ̀tì de wáyà dúdú mọ́ ọn, ó parí. Irin yòówù kó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá Kàsúmù ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Cornelius jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ìjòkó ló ń gbé pẹ̀lú Rose ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òfúrufú kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì, nínú pápá kan lẹ́yìn Igbesa. Jíìpù ló máa ń fi okùn fà á sáré títí á fi gbéra. Tó bá dókè, á já okùn sílẹ̀, á máa fò bí àṣá, láìju apá. Tó bá ti ń bọ̀ wálẹ̀, kò tún lè gòkè mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní láti balẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ló wá bá Kàsúmù. Ó mú kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan dání.

"Aago kan wà nínú ọkọ̀ mi tó mọ ibi tí mo wà àti bí mo ṣe ga tó," ó wí. "Àmọ́ nọ́ńbà lásán ló ń sọ. Tí o bá so ó pọ̀ mọ́ èyí, èyí á ya ilẹ̀ fún mi, á sì sọ bóyá gíga tí mo wà á gbé mi délé. Bátìrì inú ẹ̀ ti gbó, nítorí náà fa iná láti bátìrì ọkọ̀ sí i. Kàsúmù, tó bá kú lójú mi nínú ọyẹ́, afọ́jú ni mí lókè yẹn o."

"Ọ̀gá, iná kì í kú lọ́wọ́ mi."

Mo bá wọn lọ, torí ọkọ̀ náà ní táyà kan lábẹ́ ikùn, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Kàsúmù kan ara ọkọ̀ náà kó-kó-kó.

"Ọ̀gá, fáíbà ni gbogbo èyí? Bíi ti bọ́ńpà?"

"Fáíbà ni."

"Irin ẹ̀ dà?"

Ó wá a títí, ó rí irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ha ọ̀dà rẹ̀, ó de wáyà dúdú mọ́ ọn. Ó wá fi wáyà tín-ín-rín so aago náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná tàn, ilẹ̀ Igbesa yọ lójú rẹ̀. Cornelius rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ẹ wò ó! Ibi tí a dúró sí nìyí!"

Inú gbogbo wa dùn. Bẹ́ẹ̀, irin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Fáíbà, tí kì í gbé iná, ló yí i ká. Iná náà wá ọ̀nà mìíràn padà, ó gba inú wáyà tín-ín-rín yẹn, èyí tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló yẹ kó máa gbé. Ẹni tí wọ́n ní kó gbé ìwé, a di sìmẹ́ǹtì lé e lórí. A ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Cornelius gbéra nínú ọyẹ́. Kò rí pápá rẹ̀ mọ́. Ó kọjá rẹ̀, ó lọ kọ lu ògiri ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣì ń kọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú.

Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àgbà tó ń ṣe bí ọmọdé ni, ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ó sọnù sójú ọ̀run. Nínú ìjọ tirẹ̀ gan-an, wọ́n ní ó dán Ọlọ́run wò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Rose wá sí ṣẹ́ẹ̀dì. Kọ̀ǹpútà náà wà nínú ọ̀rá, tòun ti àwọn wáyà rẹ̀.

"Bàbá Fáìzàh," ó fi orúkọ ọmọ Kàsúmù pè é, "ẹ bá mi tan èyí. Ó máa ń ya ọ̀nà tí ọkọ̀ bá gbà sínú ara ẹ̀. Wọ́n ní ọkọ mi sọnù. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Kàsúmù tú ọ̀rá náà. Wáyà tín-ín-rín yẹn ti jó láti ìdí dé orí, rọ́bà rẹ̀ ti yọ́. Nǹkan kan kò ṣe àwọn yòókù. Ó wò mí. Mo gbójú sílẹ̀.

Ó lọ gbé bátìrì. Lọ́tẹ̀ yìí, orí bátìrì gan-an ló de wáyà dúdú mọ́. Kọ̀ǹpútà tàn.

Ìlà kan wà níbẹ̀. Ó kúrò ní pápá, ó ń yípo, ó ń yípo, ó wá kọjú sí pápá padà, ó nà gbọọrọ bí okùn. Kó tó débẹ̀, ó dúró.

"Ṣé ibí ló ti ṣubú?" Rose béèrè.

"Rárá, Màmá. Ibi tó ṣubú ṣì wà níwájú, lódìkejì pápá."

"Kí ló dé tó fi dúró síbí?"

Kàsúmù lè ní òun ò mọ̀. Kò sẹ́ni tí ì bá já a nírọ́, àfi èmi, èmi ò sì ní sọ̀rọ̀.

"Ibẹ̀ ni wáyà mi ti jó, kọ̀ǹpútà sì kú," Kàsúmù wí. "Irin tí kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì ni mo de wáyà dúdú mọ́. Ẹ wo nọ́ńbà yìí, gíga tó wà á gbé e délé. Ilé ló ń bọ̀. Ọkọ yín ò sọnù, Màmá. Èmi ni mo fọ́ ọ lójú."

Rose kò sunkún.

"Ẹ ní iná kì í kú lọ́wọ́ yín. Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi nílé."

Kàsúmù na ọwọ́ láti yọ wáyà.

"Ẹ má yọ ọ́. Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀, ká jọ lọ. Ẹ máa sọ ọ́ lójú àwọn ará ìjọ."

Ó gbé bátìrì náà tẹ̀lé e lọ sí Ìjòkó. Ohun tí wọ́n sọ sí i níbẹ̀, kò sọ fún mi, èmi náà ò béèrè.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò yòówù tó bá wọlé báyìí, wáyà dúdú ló ń fà láti ibi iná títí dé orí bátìrì. Àwọn mẹkáníìkì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Kàsúmù, ṣé irin ti tán lára mọ́tò ni?"

Kì í dá wọn lóhùn. Èmi ni mo wá ń sọ̀rọ̀ ní ṣẹ́ẹ̀dì báyìí.