Odò Kan, Orúkọ Mẹ́ta

Bí ẹ bá fi aṣọ dúdú di ojú mi, tí ẹ bu omi gbogbo odò tó wà láàárín Òṣogbo àti Iléṣà sínú ife, n ó tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó pe orúkọ odò kọ̀ọ̀kan fún yín, n ó sì sọ iye ẹja tó wẹ̀ kọjá nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ti gba dìgírì.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń sọ níwájú ilé mi ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo, lẹ́yìn tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, nígbà tí ọmọbìnrin kan láti yunifásítì gbọ́ ọ. Ó ń ya máàpù àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kó lè mọ èyí tí omi rẹ̀ ṣì dára àti èyí tó ti bàjẹ́, ó sì ń wá ẹni tó mọ ọ̀nà. Mo ní Ìjẹ̀ṣà ni ìyá tó bí mi, òótọ́ sì nìyẹn. Mo ní kò sí odò tí n kò mọ̀. Ọmọ onílé ire, ó gbà mí gbọ́. Lójú ọ̀nà, ó sọ fún mi pé ọ̀gá òun ti dá máàpù náà padà lẹ́ẹ̀kan; bí àṣìṣe bá tún wọ inú rẹ̀, òun yóò tún fi ọdún kan gbáko jókòó sílé ìwé.

A dé abúlé kan nítòsí Itagunmodi, níbi tí àwọn tó ń wa góòlù ti da ilẹ̀ rú. Omi ibẹ̀ pọ́n bí tíì oníwàrà. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń pọnmi, igbó sì dí láàárín wọn. Níbi àkọ́kọ́, ó béèrè orúkọ odò lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fọṣọ. Ìyẹn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Baálé Tútù ni. Ọmọ náà wò mí. Mo mi orí bí ẹni tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti kékeré. Níbi kejì, àwọn obìnrin tó ń pọnmi ní Ọkọ Ìkòkò ni. Mo mi orí. Níbi kẹta, Arẹwà-Kì-í-Yára. Ọrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn mí. Ó bu omi sí ìgò mẹ́ta, ó sì fa odò mẹ́ta sórí máàpù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó padà wá bá mi, ó fajú ro. Omi ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ síra rárá nínú àyẹ̀wò, ọ̀gá rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá fojú ara rẹ̀ rí odò mẹ́ta.

Èmi àti ọmọ náà ti dé abúlé kí ọ̀gá tó dé. Màmá arúgbó kan, ọmọ bíbí abúlé náà, kì í ṣe ìyàwó, ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi. A ro ẹjọ́ wa fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní odò kan ṣoṣo ni, orúkọ bàbá tó tẹ abúlé dó ló sì ń jẹ́.

“Ìyàwó ulé wo ló máa pe orúkọ baba ọkọ rẹ̀?” Ó kọjú sí mi. “Ìwọ tó o ní ìyá rẹ bá wa tan, kí ni ìyá rẹ ń pe àbúrò bàbá rẹ?”

Akọ̀wé ni. Akọ̀wé ni ìyá mi ń pè é títí tó fi kú, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò mọ bírò dì mú.

Bí ọ̀gá ṣe dé, mo ní kí wọ́n fi gèlè di ojú mi. Mo tọ́ ìgò kìn-ín-ní wò, mo tọ́ ìkejì, mo tọ́ ìkẹta, mo tutọ́, mo ní odò kan náà ni, àlàjẹ́ ni àwọn ìyàwó fún un. Ọ̀gá ṣí fìlà fún mi.

Ibi gèlè yẹn ni mo ti purọ́. Kò sẹ́ni tó di ojú mi, n kò sì tọ́ omi kankan wò. Ta ló máa mu irú omi yẹn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀gá béèrè ẹni tó fọwọ́ sí odò mẹ́ta. Ọmọ náà wolẹ̀, kò dárúkọ mi. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo mi orí sí ohun tí n kò mọ̀.”

Ọ̀gá yọ rọ́bà ìparẹ́ lápò, ó nà án sí ọmọ náà, ìyẹn sì pa odò méjì rẹ́ níṣojú wa.