Má-dìde àti Téèpù Tó Fà

Kí ló dé tí Ọlọ́run fi ń kó ọmọ mẹ́ta sínú obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá ìjọ wa lọ gbàdúrà fún àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mi ò tíì rí ìdáhùn. Ẹni bẹ́ẹ̀dì kejì yẹn, èmi fúnra mi ni mo dì í lọ́wọ́ mú, tí mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ayọ̀ ló máa gbé délé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oyún rẹ̀ bàjẹ́.

Aránṣọ ni ẹni tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Oyún ọmọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún lọ nígbà tí ọ̀nà ilé ọmọ fẹ́ máa ṣí. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù títí yóò fi bímọ. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ga ju orí lọ. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń tọ̀ sínú póò. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Má-dìde.

"Màmá, ṣé ẹ rí ayé mi," ló sọ fún mi. "Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jà pé wọ́n fẹ́ràn ìjókòó."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, oyún ti di ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì wá wọn ikùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ìwé, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ikùn náà kò tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé bóyá àwọn ọmọ náà kò dàgbà mọ́, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kéré gan-an. Bí wọ́n bá gbé e jáde lọ́jọ́ yẹn, bóyá ni yóò lè mí.

Mo ti dìde dúró, mo ti dijú láti gbàdúrà. Má-dìde fà mí láṣọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n rí téèpù yẹn."

Ó fi ìka wo téèpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń wo aṣọ tí oníbàárà dá padà.

"Téèpù yìí ti fà. Ibo lẹ ti rí i?"

"Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì wa. Ti tẹ́lẹ̀ ti sọnù."

"Aṣọ ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá ti gbó, ó máa ń gùn ni, ohun tí ẹ bá fi wọ̀n á wá dà bíi pé ó kéré. Ẹ wo inú báàgì mi, tèmi wà níbẹ̀."

"Ta ló ń gbé téèpù wá bímọ?"

"Ta ló ń fi èyí tó fà wọn aláboyún?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí tilé ìwòsàn ti pé ọgọ́rùn-ún, tirẹ̀ ti fi márùn-ún lé e. Ó tún ikùn wọ̀n: ó ti tóbi sí i.

Dókítà kò fi ti téèpù nìkan ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dàgbà sí i, títí kan kékeré. Ó ní kí iṣẹ́ abẹ ṣì dúró. Ó wá yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè, mo sì gbọ́ ọkàn mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Mo jókòó. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run tóbi, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló fi ọgbọ́n sí ìka aránṣọ, kí ló fi sí bẹ́ẹ̀dì kejì?

Má-dìde lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí omi oyún rẹ̀ tó dà. Mo sáré dé, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ọkọ rẹ̀ ń di bàtà ìyàwó mọ́yà. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Má-dìde di ọwọ́ mi mú.

"Màmá, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ kan. Bàbá wọn yìí, ojú rẹ̀ kò gba irú nǹkan báyìí, irọ́ ló máa pa fún mi. Bí wọ́n bá ti gbé kékeré jáde, ẹ má dúró tì mí. Ẹ tẹ̀lé e dé yàrá tí wọ́n ti ń mú ọmọ móoru, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Bí mo bá jí, ohun tí ojú yín rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún mi."